Kí Yábàá Ní Ẹ̀rọ Tó Lè Ṣírò Iná

Ẹni tó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá ní kùtùkùtù mọ èéfín Màkókò dáadáa. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ti dáná sí ààrò, èéfín á kọ́kọ́ gùn lọ sókè tààrà bí okùn. Kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, tí yóò pòyì, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ orí mọ ìdí rẹ̀ mọ́. Ní 1883, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Osborne Reynolds, da aró sínú omi tó ń ṣàn nínú ọ̀pá gíláàsì ní Manchester, ohun kan náà ló sì rí: bí omi bá rọra ń lọ, aró á gún régé, bí eré rẹ̀ bá pọ̀ jù, ó dàrú. A ò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Àjọ Clay ní Amẹ́ríkà gbé mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ ní 2000 fún ẹni tó bá lè tú kókó kan nínú ìdọ́gba Navier-Stokes, èyí tó ń ṣàlàyé ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́. Owó náà ṣì wà níbẹ̀.

Bí ìṣàn lásán bá le tó báyìí, ẹ wá fi iná kún un. Methane ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí wọ́n fi ń dáná ní ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Egbin ní Ìkòròdú. Kábọ́ọ̀nù kan, haidirójìn mẹ́rin, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nínú àkọsílẹ̀ GRI-Mech 3.0 tí àwọn onímọ̀ ìjóná ń lò, oríṣi èròjà 53 ló ń dìde tó ń pòórá nínú ìyípadà 325 kí gáàsì yẹn tó jó tán. Inú ààjà ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀: ààjà ńlá ń bí kékeré, kékeré ń bí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ inú ẹ́ńjìnnì bàálù tó ń gbéra ní Ìkẹjà sì lè tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé gbogbo wọn, tí nọ́ńbà Reynolds (iye tó ń sọ bí ìṣàn ṣe súnmọ́ àtidàrú tó) bá fi lè di ìlọ́po 10, iṣẹ́ ìṣirò á di nǹkan bí ìlọ́po 1,000. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣírò ààjà ńlá, tí wọ́n ń fojú bu wẹ́wẹ́. Smagorinsky, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ló fi ọ̀nà yẹn lélẹ̀ ní 1963. Ojú ọjọ́ ló ń wá, kì í ṣe iná. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé inú wẹ́wẹ́ tí a fojú bù yẹn gan-an ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe F-1, ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé ènìyàn lọ sínú òṣùpá, iná inú rẹ̀ ń mi ara rẹ̀ títí tó fi ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì náà ní nǹkan bí ìgbà 2,000, wọ́n tilẹ̀ ń yin bọ́ǹbù kékeré sínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá iná yóò padà rọlẹ̀. Ẹni tí kò lówó bọ́ǹbù ni kọ̀ǹpútà wà fún.

Àwa náà sọ pé a fẹ́ ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. NASRDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, ní ibùdó ìwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ẹ̀pẹ́. Yábàá ní YabaTech láti 1947, Àkọkà ní Yunifásítì Èkó láti 1962. OpenFOAM, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú ìṣirò yìí, ti di ọ̀fẹ́ láti 2004. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ní dátà lè gbà á lálẹ́ òní. Ẹ̀rọ tó lágbára ni kò sí, àti iná mọ̀nàmọ́ná. Ìṣirò tó yẹ kó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà kékeré kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn ará Band A sí ₦225 fún yúníìtì kan, wọ́n sì ṣèlérí wákàtí 20 lóòjọ́. Wákàtí mẹ́rin tó kù ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ni. Èéfín rẹ̀ á sì máa gba ojú fèrèsé wọlé bá ọmọ tó ń ṣírò bí èéfín yóò ṣe dínkù.

Ìdúró wa ni pé kí TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tó ń rí owó láti ara èrè àwọn ilé iṣẹ́, àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pawọ́ pọ̀ gbé ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan ṣoṣo kalẹ̀ láàárín Yábàá àti Àkọkà, pẹ̀lú iná tirẹ̀. Kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ yìí àti àwọn ti ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì Ẹ̀pẹ́ jọ máa lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má pín owó rẹ̀ bí ìrẹsì ìdìbò, kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan wá ra kọ̀ǹpútà tábìlì mẹ́wàá. Kí wọ́n sì ya owó oṣù àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó gé ríbọ́ọ̀nù, nítorí a mọ ohun tí eruku máa ń ṣe fún ẹ̀rọ lẹ́yìn tí àwọn olóṣèlú bá ti lọ tán.

Àwọn kan á ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, pé kí la fẹ́ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe. Ìdọ́gba kan náà ló ń darí iná rọ́kẹ́ẹ̀tì, iná Egbin, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé àti sítóòfù. Bó bá jẹ́ tiwa ni, ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá dé, ààrò àwọn obìnrin Màkókò ni kó kọ́kọ́ ṣírò: ibi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà wọlé, bí èéfín kò ṣe ní máa gba ojú àti àyà wọn kọjá. Kí Ẹ̀pẹ́ tò sẹ́yìn.