Àwọn tí kì í jiyàn kọ́ ló mọ iṣẹ́ ṣe pọ̀ jù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í bára wọn jiyàn, tí àṣìṣe wọn kéré nínú ìwé, ni wọ́n mọwọ́ ara wọn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Amy Edmondson, ọ̀mọ̀wé ní Harvard, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990. Àwọn tí àjọṣe wọn dán mọ́rán ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe wọn pọ̀ jù! Kì í ṣe pé ọwọ́ wọn ń yẹ̀ jù. Ẹ̀rù kò bà wọ́n láti sọ ọ́ ni.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí a ti ń yan gàrí, ìyá kan fọwọ́ tẹ àpò gbágùúdá, ó ní omi rẹ̀ kò tíì gbẹ, ó dá a padà sídìí jáàkì. Ọ̀gá fajú ro (ẹ mọ àwa Ìjẹ̀bú àti owó), àmọ́ kò bá a wí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ńṣe la máa ń dákẹ́, gàrí á sì di kókó nínú agbada.

Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ yín: ta ló jẹ́wọ́ àṣìṣe lọ́sẹ̀ yìí, kí lẹ sì fi dá a lóhùn?