Ta ló yẹ kó gbé ibi ìṣáàjì mọ́tò oníná kalẹ̀ l'Abẹ́òkúta? Kì í ṣe NẸ́PÀ

Bí ọ̀rọ̀ mọ́tò oníná bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Panṣẹ́kẹ́, ibì kan náà ló máa ń parí sí. Ẹnì kan á ní ó dáa torí pé kì í mu epo. Ẹlòmíì á ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni kẹta á wá sọ èyí tí gbogbo wọn á gbà: "Kí ìjọba kọ́kọ́ gbé ibi tí wọ́n á ti máa ṣáàjì ẹ̀ kalẹ̀ ná." Bí wọn ò bá dárúkọ ìjọba, NẸ́PÀ ni wọ́n á dárúkọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́kadà ní Lafẹ́nwá, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń kọ́ni ní yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ là ń dúró dè, nígbà tí ẹni tó yẹ ká bi ní ìbéèrè jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí NẸ́PÀ bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni iṣẹ́ pínpín iná ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. IBEDC ni tiwa níbí. Iṣẹ́ wọn ni kí iná dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, kí wọ́n ka mítà, kí wọ́n sì gba owó. Ohun tí oníbàárà bá fẹ́ fi iná náà tà, tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀ ní Yúróòpù tilẹ̀ ṣe òfin lọ́dún 2019 pé ilé iṣẹ́ tó ń pín iná kò gbọdọ̀ ní ibi ìṣáàjì tirẹ̀, àfi tí wọ́n bá ti pe àwọn oníṣòwò sí iṣẹ́ náà tí kò sẹ́ni tó jáde. Wọ́n rí i pé ẹni tí wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi fún ẹni tí wọ́n jọ ń tajà lọ́rùn.

Ó tún yẹ ká rántí pé àwa fúnra wa ti ṣe irú nǹkan yìí rí. Nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001, ta ló ń ṣáàjì fóònù fún wa nígbà tí kò síná? Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré ni, tó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ pákó gbọọrọ, tó ta agboòrùn sórí rẹ̀ nítòsí gáréèjì Kútọ̀. Á lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn fóònù rẹ, á fún ọ ní irú rẹ̀, o ó sì lọ bá ti ọjà rẹ lọ. Ibi ìṣáàjì gbogbo ará ìlú nìyẹn, kò sí gómìnà kankan tó wá gé rìbọ́ọ̀nù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé epo. Ọ̀pọ̀ ilé epo tó wà láàárín ìlú yìí, oníṣòwò ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ìjọba fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, ó ń yẹ páǹpù wò kí wọ́n má baà rẹ́ wa jẹ, ó tán.

Àwọn ọ̀kadà oníbátìrì ti ń tọ ọ̀nà yìí. Ilé iṣẹ́ Spiro, tó wọ ìpínlẹ̀ Ògùn pẹ̀lú àdéhùn ìjọba lọ́dún 2023, kì í jẹ́ kí ọlọ́kadà jókòó ti wáyà. Á gbé bátìrì tó ti rẹ̀ sílẹ̀, á gbé èyí tó kún, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Mọ́tò lọ́rọ̀ wá le díẹ̀ fún. Ẹ̀rọ ìṣáàjì kékeré tí wọ́n ń fi sílé máa ń fa nǹkan bíi kilowáàtì 7, ìyẹn bí áyọ́ọ̀nù méje tó ń lọṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó yá ń fa 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ so mẹ́wàá irú rẹ̀ mọ́ tíránsífọ́mà 500 kVA, ìyẹn èyí tí kò lè gbé ju bíi kilowáàtì 500 lọ, kò ní ku nǹkan kan fún àdúgbò. Oníṣòwò kan ò lè dá yanjú ìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ ẹni tó máa ra tíránsífọ́mà, iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi so iná náà, àti ẹni tó máa tún un ṣe tó bá jó.

Ibí ni iṣẹ́ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹni tó bá tún ń sọ pé "Àbújá ló ni ọ̀rọ̀ iná," ọ̀rọ̀ àná ló ń sọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni wọ́n tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe, kí ìpínlẹ̀ lè pèsè iná, kí ó sì pín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Òfin iná tuntun tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, ti gbé àbójútó ọjà iná lé lọ́wọ́. Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, ló kù ká máa bi.

Ìjọba ìbílẹ̀ náà wà ńbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í rántí wọn. Ìwé òfin 1999 kọ ọ́ kedere pé àwọn ló ni ìdásílẹ̀ àti àbójútó ọjà àti gáréèjì. Níbo ni ọkọ̀ ti ń dúró pẹ́ jù nílùú yìí, bí kì í bá ṣe gáréèjì?

Ní Ìlú Ọba, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ibi ìṣáàjì ojú ọ̀nà márosẹ̀, torí pé èrè wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tí kò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí nílé, oníṣòwò ò tètè rí èrè lọ́dọ̀ wọn. Nítorí wọn ni ìjọba ṣe ya nǹkan bíi mílíọ̀nù 381 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní England, kí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó máa ri ẹ̀rọ ìṣáàjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, tó sì máa bójú tó o. Amẹ́ríkà náà ya bílíọ̀nù 5 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dún 2021, ó sì pín in fún àwọn ìpínlẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ sì ń gbé e fún àwọn agbaṣẹ́ṣe. Àní níbi tí owó ìjọba ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìjọba kọ́ ló ń jókòó ti ẹ̀rọ.

Àwọn agbo ilé tó wà ní Aké àti Ìtòkú ni mo ń rò. Àpáta àti òpópónà tóóró ni, kò sí gáréèjì, kò sì sí oníṣòwò tó máa kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹun níbẹ̀ ni owó epo ń pa jù. Bí alága ìjọba ìbílẹ̀ wa bá tún pe ìpàdé ará ìlú, ohun tí mo fẹ́ bi í ni pé: apá ibo ní gáréèjì Kútọ̀ lẹ fẹ́ yọ̀ǹda fún ẹni tó bá fẹ́ wá ta iná fún mọ́tò, èló lẹ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún, ta ló sì máa gbé e dé Ìtòkú?