Ìṣọ̀kan Aláwọ̀ Àlùbọ́sà

Ẹ bá mi wo bánà tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu géètì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa. "Kí gbogbo wọn kí ó lè jẹ́ ọ̀kan," Jòhánù 17:21, ló wà lókè téńté. Lábẹ́ rẹ̀ ni fọ́tò olórí ìjọ mọ́kànlá, tọkọtaya, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ Bíbélì ọ̀hún wá fún pọ̀ sókè bí èrò ẹ̀yìn mọ́tò Ọ̀fà lọ́jọ́ ọdún.

Ìsìn ìṣọ̀kan ló gbòde báyìí. Láti Tanke ní Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán, kò sí òkú àgbà, kò sí ọjọ́ ìlú, tí wọn kò ní ní kí gbogbo ìjọ para pọ̀. N ò bá wọn jà sí i. CAN, ẹgbẹ́ gbogbo ìjọ Kristẹni Nàìjíríà fúnra rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ọ̀wọ́ márùn-ún ni wọ́n pín in sí kó tó lè jẹ́ ọ̀kan. Ìpàdé tí a fi ṣètò tiwa ni kí ẹ jẹ́ kí n ròyìn. N ò ní dárúkọ ìlú náà o. Ìyá mi ṣì ń gbé ibẹ̀, ó sì ń ra àkàrà láwìn lọ́wọ́ ìyá ìjọ méjì nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó délẹ̀: ta ni yóò ṣáájú bí a bá ń wọlé? Bàbá Mẹ́tọ́díìsì dìde, ó ní àwọn làgbà, pé September 1842 ni Freeman, míṣọ́nnárì wọn, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Bàbá Áńgílíkà ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n December ọdún yẹn kan náà ni Townsend dé.

"Oṣù mẹ́ta," ni Bàbá Mẹ́tọ́díìsì wí, ó ń fi ìka kà á bí ẹni ń ka owó àjọ.

Onítẹ̀bọmi ní Bowen tiwọn náà dé ní 1850. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Bàbá Kátólíìkì kan tó ti ń tòògbé láti àárọ̀ lajú, ó ní, "1842? Ṣebí àná nìyẹn?" ló bá padà sídìí oorun rẹ̀.

Kí wọ́n tó rí èyí sọ sí, àgbà C.A.C. ti dìde. Ó ní gbogbo wọn, òyìnbó ló kó wọn wá. Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì àwọn, ní tirẹ̀, ọmọ Odò-Ọwà tó wà nítòsí wa níhìn-ín ni, ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni Olúwa ti pè é ní 1928. Bàbá Áńgílíkà ní ilé CMS ni wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọ tiwọn ni kó tó di ti C.A.C. Àgbà náà ní, "Ẹ tọ́ ọ lóòótọ́. Ta ló wá kọ́ ọ ní àwẹ̀?" Bàbá aláṣọ funfun tí kò tíì fọhùn rọra gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ẹni tí ìran bá rán níṣẹ́ kì í wo kàlẹ́ńdà.

Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àpọ́sítélì, tó háyà ṣọ́ọ̀bù méjì ṣe ìjọ, na ọwọ́. Ó ní ìjọ tòun kò ju ọdún mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n òun lòun ni jẹnẹrétọ̀.

Gbogbo ilé dákẹ́. Bó ṣe di ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wọlé nìyẹn. Àwa ìyókù ní kí ẹni gbogbo wọlé pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Géètì iléèwé náà kò gbà ju ènìyàn méjì lọ.

Ó wá ku aṣọ, nítorí ìṣọ̀kan tí kò bá ní ánkárá, ta ni yóò mọ̀ pé ó wáyé? Pupa kò ṣeé ṣe, dúdú kò ṣeé ṣe, èèwọ̀ aláṣọ funfun ni. Àwọn ìyá Kátólíìkì ń fẹ́ búlúù nítorí Màríà. Àwọn mìíràn ní nítorí Màríà gan-an ni àwọn kò ṣe ní fọwọ́ kan búlúù. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, a fẹnu kò sí àwọ̀ àlùbọ́sà. Ẹnìkan tilẹ̀ ṣí Númérì 11, ó fi hàn wá pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sunkún nítorí àlùbọ́sà nínú aginjù. Àwọn tó gba ánkárá náà láwìn ṣì ń sunkún dòní.

Ọjọ́ pé. Ìwàásù gùn, kò burú. Wọ́n ní kí a dì mọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, a sì dì mọ́ra. Mo rí bàbá méjì tí wọ́n dìrọ̀ mọ́ra wọn tí omijé ń bọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn kọ̀ kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọmọ èkejì, torí pé wíwọ́n ni wọ́n wọ́n omi sí ọmọbìnrin náà lórí, wọn kò rì í bọmi.

Bàtà ló bá tèmi jẹ́. Nígbà tí wọ́n na kápẹ́ẹ̀tì síwájú pẹpẹ, bàbá aláṣọ funfun ní ilẹ̀ mímọ́ ni. Òun kò wọ bàtà ní tirẹ̀. Ta ni yóò wá fi bàtà tẹ ohun tí ẹlòmíràn pè ní mímọ́ lọ́jọ́ ìṣọ̀kan? Gbogbo wa bọ́ bàtà, ó kún bí ẹ̀bá odò. Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, wọ́n ṣí kúlà ìrẹsì, ẹ̀yin náà sì mọ bí àwọn ènìyàn Ọlọ́run ti ń sáré sídìí kúlà.

Mo délé kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì méjì ni mo gbé, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ẹni tó ni ín. Ìjọ wọn ò jìnnà, orí ibùsùn ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù wọn. Mo ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí n wá gba tèmi lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn. Mo ní kí òun gbé e wá sí tiwa, aago mẹ́jọ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìjọ àwọn kò gba àwọn láyè. Èmi náà, ìyá mi kò bí mi láti máa lọ síbẹ̀.

Ó ti di oṣù kẹta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí i ní òdìkejì títì, ó wọ sílípáàsì, èmi náà wọ sílípáàsì. Ánkárá àlùbọ́sà ló wà lọ́rùn àwa méjèèjì. A juwọ́ síra wa.