Ọ̀fọ̀ Ọ̀wọ̀ Kì Í Ṣe Ti Ìjọ Kátólíìkì Nìkan

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí í ṣe Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì Saint Francis Xavier ní ìlú Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n ju ohun abúgbàù, wọ́n sì da ìbọn bo tọkùnrin, tobìnrin àti ọmọdé tó wá jọ́sìn. Ó kéré tán, ènìyàn 40 ló kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì ju ìyẹn lọ. Ilé ìjọsìn náà kò jìnnà sí ààfin Ọlọ́wọ̀. Àárín ìlú ni wọ́n ti pa wọ́n, ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe ní aginjù kan tí ojú ìjọba kò tó.

Ohun tí ìlú ṣe lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà yẹ fún ìyìn. Àwọn ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò bá tan. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, wọ́n to pósí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe Mísà ìsìnkú, gómìnà ìgbà náà, olóògbé Rótìmí Akérédolú, tó jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, sì dìde láti sọ̀rọ̀. Ó sunkún. Ó ní àwọn ìjọba ti kùnà láti dáàbò bo àwọn tí wọ́n fẹ́ sin. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jáde lẹ́nu aláṣẹ nílẹ̀ wa? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọn a ní àwọn bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà, wọn a wọ ọkọ̀, ó parí.

Nílẹ̀ Yorùbá, òkú àgbà ló ní ijó, ìlù àti aṣọ ẹbí. Òkú ọ̀dọ́ jẹ́ òkú ọ̀fọ̀, a kì í sì í jẹ́ kí òbí dé ibi tí wọ́n ti ń bo ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ kọjá ohun tí ẹbí kan lè dá gbé, torí pé nínú ìdílé mìíràn, ẹni tó yẹ kó wá tu òbí nínú ti wà lára àwọn tó kú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo ìlú ló ni ọ̀fọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀ràn àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni, kò mọ bí Ọ̀wọ̀ ti rí, níbi tí ọmọ ìyá kan náà ti ń lọ sí mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ojúbọ.

Síbẹ̀, lójú tiwa, bí ọdún ti ń gorí ọdún, èjìká ìjọ àti ti àwọn ẹbí ni ẹrù ìrántí náà ń bọ́ sí. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà a pé, wọn a ṣe Mísà, àwọn olóṣèlú a fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn, ilẹ̀ a ṣú. Èyí kò tó. Èrò ilé iṣẹ́ ìròyìn yìí ni pé kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ ọjọ́ yìí di ọjọ́ ìrántí lábẹ́ òfin. A kò bèèrè fún ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, torí a mọ ohun tí a ń fi ọjọ́ ìsinmi ṣe: a óò gbé ayẹyẹ ìgbéyàwó sí i. Ohun tí a ń bèèrè ni ọjọ́ kan tí ìjọba yóò dúró ní Ọ̀wọ̀, ní gbangba, tí yóò sì jíhìn.

Ìlú náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń rántí òkú. Lọ́dọọdún, ní oṣù Kẹsàn-án, Ọ̀wọ̀ ń ṣe ọdún Igogo ní ìrántí Ọrọnsẹn, olorì kan láyé àtijọ́. Ní àkókò ọdún náà, a kì í lu ìlù, agogo ni a ń lù. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ìlú tó lè pa ìlù mọ́ nítorí olorì kan tí kò sí ẹni tó wà láyé lónìí tó bá a pàdé, kò ṣòro fún un láti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí a ṣì ní àwòrán wọn nínú fóònù.

Ohun tó sì yẹ kí ìjọba jíhìn lé lórí kò kéré. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ọ̀gágun àgbà ìgbà náà, Lucky Irabor, kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn afurasí. Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá inú, DSS, tó kó ọkùnrin márùn-ún lọ síwájú ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko ló wà láàárín ìkéde àti ẹjọ́. Ta ló ń sọ fún àwọn ẹbí ní gbogbo àkókò yẹn ibi tí ọ̀rọ̀ dé? Àwọn mìíràn sì wà tí kò kú ṣùgbọ́n tí wọ́n pàdánù ẹsẹ̀ tàbí ojú. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá a máa gbó, a sì máa fẹ́ àtúnṣe. Owó rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yẹ kí ìjọba máa ka iye tó ná lórí wọn sétí gbogbo ènìyàn.

Àwọn kan ń sọ pé ìrántí ọdọọdún yóò máa tú ojú ọgbẹ́, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ó lè mú kí àwọn ọ̀dọ́ dojú ìjà kọ àwọn àlejò tí wọ́n ń ṣòwò lọ́dọ̀ wa. Ìbẹ̀rù kejì yìí kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àmọ́ ibi tí ìjọba bá ti dákẹ́ ni àhesọ ti ń rí àyè. Bí a bá ń dárúkọ ẹni tó wà níwájú adájọ́ àti ẹ̀sùn tí a fi kàn án, kò ní sí pé a ń di ẹrù ọ̀daràn lé orí ẹ̀yà odidi. Ní ti ojú ọgbẹ́, kí a lọ bi àwọn tó ń gbé e kiri.

«A ò ní rí irú rẹ̀ mọ́» ni gbogbo wa ń wí nígbà tí a lọ kí wọn kú ará fẹ́ra kù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC ní Erúkù, ní ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ kí wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀. Èyí náà ló jẹ́ kí a sọ pé ìjíhìn ọdọọdún kò gbọdọ̀ dá lórí ohun tó ti kọjá nìkan: kí ọ̀gá Àmọ̀tẹ́kùn àti kọmíṣánnà ọlọ́pàá sọ ohun tó yí padà lórí ààbò àwọn ibi ìjọsìn láti ọdún tó ṣáájú.

Ní ti òkúta ìrántí tí orúkọ àwọn olóògbé yóò wà lára rẹ̀, kí ààfin, ìjọ, ìjọba àti àwọn ẹbí jọ jókòó kí wọ́n fẹnu kò lórí ilẹ̀ tí yóò wà, kó má di ohun tí ìjọba kan ń kọ́ tí òmíràn ń hú.

Òfin yìí kò ní ná ìpínlẹ̀ Oǹdó lówó púpọ̀. Ohun tí yóò ná gómìnà àti kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́, ẹnikẹ́ni tó bá wà nípò nígbà náà, ni pé kí wọ́n wá fúnra wọn lọ́dọọdún láìrán aṣojú, kí wọ́n jókòó síwájú àwọn ẹbí, kí wọ́n sì dúró títí tí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi bi wọ́n ní ìbéèrè tirẹ̀.