Pontiac Vibe, Toyota ni o, ẹ yéé dẹ́rù ba àwọn tó fẹ́ rà á

Bọ̀dá kan ló tún bẹ̀rẹ̀ lánàá. Àbúrò mi rí Pontiac Vibe 2005 kan tó mọ́ dáadáa (General Motors ti Amẹ́ríkà ló ni orúkọ Pontiac), ó ń sọ pé òun fẹ́ rà á, ni bọ̀dá yìí bá já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀ pé "ọkọ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò lè tọ́jọ́, Matrix ni kóo lọ rà, Matrix ni ojúlówó Toyota tó ti Japan wá." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi jàre. Àwọn tó máa ń sọ ọ́ yìí, ọ̀pọ̀ wọn ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Vibe wò rí láyé wọn.

Níbo ni wọ́n ti ṣe Vibe? Ilé iṣẹ́ kan wà nígbà kan ní Fremont, ní California, NUMMI lorúkọ ẹ̀, General Motors àti Toyota ló jọ dá a sílẹ̀ ní 1984. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to Corolla nígbà náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti to Vibe láti 2002 títí di 2009. Matrix tẹ́ẹ ń pè ní ará Japan yẹn ńkọ́? Cambridge, ní Ontario, ní Kánádà, ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ wo nọ́ńbà ṣáṣíì fúnra yín: ti Matrix, 2T1 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, 2 yẹn Kánádà ni. Ti Vibe, 5Y2, Amẹ́ríkà nìyẹn. Wọn ò tiẹ̀ ta Matrix ní Japan rí. Vibe gan-an ni Toyota fi sítíárì sí lọ́wọ́ ọ̀tún, tí wọ́n lẹ àmì Toyota mọ́, tí wọ́n pè ní Voltz, tí wọ́n sì ń tà fáwọn ará Japan láti 2002 sí 2004.

Ká wá sórí ẹ́ńjìnnì, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Vibe àkọ́kọ́, 1ZZ-FE ló wà nínú ẹ̀, 1.8, èyí tó wà nínú Corolla ìgbà yẹn gẹ́lẹ́, ṣéènì ló ń lò kì í ṣe bẹ́líìtì. Èyí tí wọ́n ń pè ní GT, 2ZZ-GE ni, ẹ́ńjìnnì Celica ti Toyota tó máa ń sáré yẹn. Nígbà tí wọ́n yí i padà ní 2009, wọ́n gbé 1.8 tuntun ti Corolla àti 2.4 tó wà nínú Camry sí i. Èwo ni ti Pontiac nínú gbogbo èyí? Kódà nígbà tí Toyota ní káwọn èèyàn gbé ọkọ̀ padà wá ní January 2010 torí ẹsẹ̀ ìtẹná, ìyẹn pẹ́dà tí ọkọ̀ fi ń sáré, tó ń há, Vibe 2009 àti 2010 wà lára ẹ̀, nígbà yẹn wọn ò tiẹ̀ ṣe Vibe mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n tún ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ padà wá torí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, Corolla, Matrix, Vibe, gbogbo wọn ló kàn. Àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n torí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Èmi fúnra mi ti wa Vibe 2004 fọ́dún mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́ọ̀tà pọ́ǹpù ẹ̀ lọ, mẹkáníìkì mi ní òun ò ní páàtì Pontiac, mo ní kó fún mi ní ti Corolla 1.8, ó ń ṣiyèméjì, a bá gbé ti àtijọ́ àti tuntun kẹ́gbẹ́ ara wọn, ihò bóòtù kọ̀ọ̀kan ló bára mu. Láti ọjọ́ náà kò bi mí ní ìbéèrè mọ́, fíltà, plọ́ọ̀gì, sẹ́ńsọ̀, ti Corolla ló ń fi sí i, a ò sì tíì tú ẹ́ńjìnnì yẹn rí.

Wọ́n á ní ṣebí Pontiac ti kú. Ó kú lóòótọ́, ní April 2009 ni General Motors kéde ẹ̀, ìṣòro owó tiwọn ni, kí ló kan ẹ́ńjìnnì Toyota? Ara ìta, bíi bọ́mpà, fẹ́ńdà àti iná iwájú, ló yàtọ̀, ìyẹn lè fún èèyàn ní wàhálà díẹ̀ láti rí. Ó dáa, mo gbà, 2.4 yẹn náà máa ń mu ọ́ìlì, àmọ́ ti Camry 2007 sí 2009 náà ń mu ún.

Ẹ ò tiẹ̀ sọ ohun tó dáa lára ẹ̀. Gíláàsì ẹ̀yìn ń dá ṣí láìjẹ́ pé èèyàn ṣí ilẹ̀kùn bùútù, àga ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ń dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, àkàbà gígùn ni mo máa ń kó wọ ibẹ̀, ó sì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì iná bíi ti ilé, 115 volt, níwájú níbẹ̀, mo ti ń fi í ṣáàjì láptọ́ọ̀pù kó tó di pé ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀.

Mo ti sọ fábùúrò mi kó fa géèjì ọ́ìlì wò, kó yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò bóyá ó ti dógùn-ún, tíyẹn bá ti dáa kó sanwó.