Èsì wa sí ìyá tó ra gàárì 17½ fún ẹṣin ọmọ rẹ̀

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín síbí, ẹ sì ṣeun tí ẹ fi fọ́tò mẹ́rin kún un. Ìràwọ̀ 2 tí ẹ fún wa dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ yí i padà. Ẹ ní gàárì náà ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ọmọ bá ń gùn ún. Ẹ ní ẹṣin ti bẹ̀rẹ̀ sí í na ìrù, ó sì ń yíjú láti gé yín jẹ tí ẹ bá ń fa bẹ́líìtì abẹ́ ikùn rẹ̀. Adájọ́ dressage, ìdíje tí ẹṣin ti ń fi ìṣísẹ̀ létòlétò ṣe ohun tí a ní kó ṣe, kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ pé ara ẹṣin náà le, kò túra ká. Ẹnìkan ní ilé ẹṣin yín wá ní kí ẹ lọ ra gàárì méjì, ọ̀kan fún dressage, ọ̀kan fún fífò. Ẹ fi gbólóhùn yìí kádìí ẹ̀: "Mo fún wọn ní sáìsì, síbẹ̀ èyí tí kò bá ẹṣin mi mu ni wọ́n tà fún mi."

Òótọ́ ni, ẹ fún wa ní sáìsì. Ẹ ní 17½, ẹ sì ní "medium", nítorí pé ohun tí wọ́n kọ sára gàárì yín àtijọ́ nìyẹn. Èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ tí mo sì dì í ránṣẹ́. Ẹ̀bi mi ni. Mo yẹ kí n béèrè bí ẹ̀yìn ẹṣin ṣe rí kí n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, mi ò sì béèrè. Ẹ máà bínú.

Ọmọ ló ni 17½ yẹn. Ìwọ̀n íǹṣì ni, láti orí ìṣó kékeré tó wà níwájú gàárì títí dé àárín ẹ̀yìn rẹ̀; gígùn itan ẹni tó fẹ́ jókòó ni a fi ń mú un. Ti ẹṣin ni bí igi tó wà nínú gàárì ṣe fẹ̀ tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú, torí pé kò sí òdiwọ̀n kan tí gbogbo àwọn tó ń ṣe gàárì jọ ń lò. "Medium" ti ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ "wide" lọ́dọ̀ òmíràn. Gàárì tí ẹ rà kì í ṣe ayédèrú. Walsall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ìlú tó ti gbówọ́ nínú iṣẹ́ gàárì débi pé The Saddlers ni ìnagijẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ mi, mo ti iwájú rẹ̀ mọ́ itan mi, mo fa ẹ̀yìn rẹ̀ wá, igi inú rẹ̀ kò dún, kò sì ṣẹ́. Gàárì tó dára ni, àmọ́ kì í ṣe ti ẹṣin yín.

Fọ́tò kẹta ló fi hàn mí. Ẹ ya ẹ̀yìn ẹṣin náà lẹ́yìn tí ẹ tú gàárì. Òógùn ti mú kí irun rẹ̀ tutù rinrin látòkè délẹ̀, àfi ojú méjì báyìí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lẹ́yìn eegun èjìká gan-an, tí ó gbẹ táútáú bí ẹni pé wọn ò gùn ún rárá. Ibi tó gbẹ yẹn ni igi gàárì ti ń fún un. Ó tẹ ara rẹ̀ débi pé òógùn ò lè jáde níbẹ̀. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, irun funfun ni yóò máa hù níbẹ̀, kò sì ní padà sí àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún di gàárì náà mọ́ ọn, kódà fún ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹṣin cob ni ẹṣin yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó rí roboto, gegele èjìká rẹ̀ kò sì yọ sókè tó ti àwọn ẹṣin ìje. Gàárì tó há fún un kò lè jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ńṣe ló máa gúnwà sókè. Iwájú rẹ̀ á ga, ẹ̀yìn rẹ̀ á rẹlẹ̀, ọmọ á máa yọ̀ lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ta síwájú, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á sì wá bọ́ sórí ìhà tó kẹ́yìn. Ẹṣin tí nǹkan ń fún léjìká tí wọ́n tún ń tẹ̀ níbàdí, á gbé orí sókè, á sì tẹ ẹ̀yìn wọlé. Ohun tí adájọ́ rí nìyẹn. Ọmọ yín kò ṣe nǹkan kan tí kò dáa.

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti fi aṣọ nínípọn méjì sábẹ́ rẹ̀ kó lè tù ú lára. Inú rere ló mú yín ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí bàtà há fún tó wá wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì kún un. Aṣọ abẹ́ gàárì lè ran gàárì tó fẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó há, ńṣe ló ń dá kún ìnira rẹ̀.

Ẹ tún sọ pé ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ ti dàgbà, tí àwọn ìdílé Balógun bá gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba, ẹ ò rí ẹni tó ń wọn èjìká ẹṣin. Èmi náà ti dúró wo ìran yẹn, orí mi wú. Ṣùgbọ́n ayẹyẹ ọjọ́ kan ni, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni ọmọ yín ń gun tiẹ̀, ó sì ń fi í fo igi. Ojú kan náà ni ìwúwo rẹ̀ ń balẹ̀ sí lójoojúmọ́.

Ní ti gàárì méjì tí wọ́n ní kí ẹ rà, ẹ má ná owó yẹn. BE80, ìdíje ẹlẹ́ka mẹ́ta ti British Eventing, lọmọ ń múra fún. Dressage ibẹ̀ kò ju ìrìn, sísáré kúṣẹ́kúṣẹ́ àti sísáré díẹ̀ lọ. Adájọ́ ń fún ìṣe kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 10, kò sì sí ojú ìlà kankan fún irú gàárì tí ọmọ jókòó lé. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó kan fífò nínú ọgbà, lẹ́yìn náà sísá gba pápá, níbi tí igi kò ti ní ga ju 80 sẹ̀ǹtímítà lọ. Gàárì GP (general purpose, èyí tó wà fún oríṣiríṣi iṣẹ́) kan tó bá ẹ̀yìn ẹṣin mu lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A máa ń ṣàdúrà fún ara wa pé kí lìkáfà wa lọ sókè. Lórí ẹṣin, lìkáfà ni irin tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, ó ń lọ sókè, ó sì ń lọ sílẹ̀. Fún dressage, ọmọ á sọ lìkáfà kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gùn. Tó bá kan fífò, á fa lìkáfà sókè ní ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, orúnkún rẹ̀ á sì tẹ̀ síwájú. Etí gàárì dressage, ìyẹn awọ tó sọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gùn lọ sílẹ̀ tààrà, kò ní àyè fún orúnkún tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Etí ti fífò nà síwájú jù fún ẹsẹ̀ tó gùn. Ti GP wà láàárín àwọn méjèèjì, ó sì tó fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Ọjọ́ tó bá dé ibi tí igi ti ga, ẹ ó lè sọ̀rọ̀ gàárì kejì.

Ohun tí ẹṣin yín nílò ni igi inú gàárì tó fẹ̀, tí orí rẹ̀ sì rí bí igbá tí a da ojú rẹ̀ dé, kì í ṣe bí òrùlé ilé. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí, torí pé ó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lówó. Gàárì méjì lè jẹ́ "wide", kí ọ̀kan dà bí òrùlé kó sì máa fún cob lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tí kì í ṣe awọ, mo ní Wintec àlòkù kan nílẹ̀, kò wúwo, òjò ilẹ̀ yìí kò sì lè bà á jẹ́. Irin iwájú rẹ̀ ṣeé pààrọ̀: dúdú ni medium, búlúù ló fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, pupa ni wide, funfun tún fẹ̀ ju pupa lọ. Ṣùgbọ́n iwájú nìkan ni irin yẹn ń tún ṣe, kò lè sọ òrùlé di igbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe èyí. Ẹ wá rúlà rọ́bà tó ṣeé tẹ̀, irú èyí tí àwọn télọ̀ fi ń ya ìlà ọrùn aṣọ. Kí ẹṣin dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kó má máa jẹ koríko. Ẹ fọwọ́ wá ẹ̀yìn eegun èjìká rẹ̀, ẹ fi ìka méjì sí i, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ rúlà náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹ gbé e kúrò pẹ̀lẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí páálí, ẹ fi bírò ya ìlà rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn, ẹ tún ṣe é níbi tí ìhà kejìdínlógún ti pàdé ọ̀pá ẹ̀yìn, torí pé gàárì kankan kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Ẹ wọn gígùn láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹta. Ẹ kọ déètì sí i. Koríko oṣù karùn-ún lè mú kí cob fẹ̀ ju bó ṣe wà lóṣù kejì lọ.

Tí gàárì tuntun bá dé, ẹ kọ́kọ́ gbé e lé ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí aṣọ, láìdè é. Ìka méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ iwájú rẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ tìmùtìmù rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kó má sí ibi tó dá ṣófo láàárín. Ẹ fi bírò roboto kan sórí ìjókòó: tó bá yí lọ sẹ́yìn, ẹ dá a padà fún mi, mi ò ní janpata. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ojú èmi àti tiyín nìkan rí i. Society of Master Saddlers, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ gàárì, ní àwọn oníṣẹ́ tó kọ́ wíwọn gàárì tó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ pe èyí tó sún mọ́ yín, kó wá wo bí ọmọ ṣe ń gùn ún. Èmi ni n ó san owó àbẹ̀wò yẹn lẹ́ẹ̀kan yìí.

Tí ẹṣin bá ṣì ń yíjú gé yín jẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ ti pa gàárì tó há tì, ẹ ké sí dókítà ẹran. Ọgbẹ́ inú náà máa ń fa irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi ìwé ìfiránṣẹ́ tí a ti san owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Páálí tí gàárì náà bá wá ni kí ẹ dì í padà sí. Bí ẹ bá fẹ́ gba owó yín, gbogbo rẹ̀ pátá ni n ó dá padà, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ tí ẹ san. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀, ẹ fi ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ ná. Mi ò ní di ohunkóhun títí n ó fi rí wọn.