"Ṣebí fíríìpù lẹ fi rán an, kí ló dé tó fi wọ́n?"

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ní ìsọ̀ mi nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Bẹ̀nẹ̀, nìyí. Oníbàárà á mú gáùn ọmọdé lọ́wọ́, á yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, á fọwọ́ pa ojú rírán rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Tó bá wá gbọ́ iye tí mò ń tà á, ojú á yí padà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí fíríìpù ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, fíríìpù ni, aṣọ àlòkù òkè òkun, òkìríkà tí àwọn èèyàn wa ní Nàìjíríà ń pè é. N kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ ni pé aṣọ tí wọn kò rà wọ́n, ohun tí wọ́n bá fi rán kò yẹ kó wọ́n, àti pé aránṣọ tó bá ń tà á bí ẹni ta tuntun, ojú kòkòrò ló ń dà á láàmú. Irọ́ ni. Èmi gan-an gbà á gbọ́ fún ọdún kan gbáko, owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo. Èyí tó tóbi nínú àwọn tó ń ti Faransé wá máa ń fẹ̀ tó 240 sẹ̀ǹtímítà, gígùn rẹ̀ á tó 300. Áńkárá odindi, yáàdì mẹ́fà, ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 115 sẹ̀ǹtímítà lọ. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì yẹn pọ̀ jù ú lọ. Lọ́jọ́ tí ọjà bá dáa ní Wàńdò, ọjà ìlú wa níbí, mo lè rà á ní 1500 sẹ́fà, owó tí à ń ná ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó ń fẹnu ṣírò á dúró síbẹ̀, á ní mo ti là.

Ẹ wá bá mi gbé e sókè kí oòrùn tàn sí i. Àárín rẹ̀, níbi tí ara ti ń yí lé lóru fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Etí rẹ̀ nìkan ló ṣì nípọn. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì fà á díẹ̀: fàà! Àárín yẹn ò ṣe é rán. Àbàwọ́n kan tún wà lápá òsì tí ọṣẹ àti omi Javel, omi tí ń bó àwọ̀ aṣọ, kò rí nǹkan ṣe sí. Ohun tó kù fún mi ni ọ̀já gbọọrọ méjì àti àwọn igun. Gáùn méjì fún ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo ń rí nínú rẹ̀, ìgbà mìíràn gáùn mẹ́ta, bí orí bá bá mi ṣe é.

Ibi tó dùn mí jù ò sì tíì dé. Ẹni tó ń fi aṣọ tuntun rán nǹkan lè ká yáàdì lé ara wọn ní ìpele mẹ́fà, kó fi ìwé ìwọ̀n lé e, kó gé gáùn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Aṣọ kọ̀ọ̀kan tí mo bá mú, òun nìkan ni irú rẹ̀. Ọ̀kan ya níbí, òmíràn ṣá lọ́hùn-ún, mo gbọ́dọ̀ yí ìwé ìwọ̀n náà ká títí yóò fi bọ́ sí ibi tó dáa. Ohun tó ń mú kí iṣẹ́ ìránṣọ yá ni fíríìpù gbà lọ́wọ́ wa. Aṣọ náà ò wọ́n lóòótọ́, àkókò ló fi ń gba owó tirẹ̀.

Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tún le ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ la fẹ́, torí òun ló fẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n ká a mọ́nú, abẹ fẹ́lẹ́ lèèyàn á fi máa já òwú yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ iṣẹ́ mi jókòó ti ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ̀kẹta ṣì wà lórí itan rẹ̀.

Kí n má parọ́, ó ní ohun tó dáa nínú. Òwú tí wọ́n ti fọ̀ láìmọye ìgbà kì í sún kì mọ́, àwọ̀ tó máa ṣí ti ṣí. Àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òwú ni lóòótọ́. Mo máa ń fa fọ́nrán kan yọ, màá ṣáná sí i. Tó bá rùn bí ìwé tó ń jó, tó sì di eérú, òwú ni. Tó bá yọ́, tó ká jọ, tó le bí ìlẹ̀kẹ̀, rọ́bà bíi pọlíẹ́sítà ni, n kò ní rán an mọ́ òwú, torí iná áyọ́ọ̀nù tí ọ̀kan ń fẹ́ ló máa ba èkejì jẹ́.

Àwọn kan á ní kí n lọ ra bélì, ìdì ńlá fíríìpù, ní ọjà Misẹ̀bọ́ ní Kútọnu, pé ibẹ̀ ló ti pọ́ọ́kú. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Kílò 45 tí wọ́n dì pinpin, o ò rí inú rẹ̀ kó o tó sanwó. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ra ọ̀kan tí wọ́n ní aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ló kún inú rẹ̀. Ìdajì jẹ́ àpò ìrọ̀rí àti èyí tí rọ́bà etí rẹ̀ ti jẹrà. Ta lo máa dá a padà fún?

Àwọn kan tún máa ń sọ pé aṣọ òkú òyìnbó ni: àwọn alààyè ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kó o sílẹ̀, ó sú wọn ni. Bó bá sì jẹ́ ti àlòkù, gèlè àti ọ̀já tí wọ́n ń yá lọ́wọ́ àwọn ìyá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ta ló bèèrè bóyá tuntun ni?

Ẹ padà sí owó. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, 2000 sẹ́fà ni mò ń ta gáùn. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan: aṣọ 500, òwú àti bọ́tìnnì 300, ọṣẹ, omi àti iná 200, owó zém (ọ̀kadà) 150. Ó ku 850 fún iṣẹ́ tó gba odindi ọjọ́ kan. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 52,000 sẹ́fà. Ẹ pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, 2000 ni lóòjọ́. Mo jẹ́ ọ̀gá ara mi, mo sì ń san ohun tí kò tó ìdajì owó lébìrà fún ọ̀gá náà.

4500 ni mò ń ta á báyìí. Ìyá kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n gba 2000. Mo fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì kan àti abẹ, mo ní kó kọ́kọ́ bá mi tú ẹ̀gbẹ́ kan, ká tó máa nájà. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó gbìyànjú gan-an. Ó gé ara rẹ̀ níka, abẹ sì ya ẹ̀yìn aṣọ náà láti apá dé ìdí. Ó san 4000. Mo gbà á. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ya yẹn ṣì wà lórí ìṣó ní ìsọ̀, n ò tíì rí ohun tí màá fi rán.